Gbogbo Bàbá Ńlá Wa Kọ́ Ni Ọdẹ

Mo fi ọdún pípẹ́ ṣe akọ̀wé kóòtù ní Ilorin kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi kọ ẹ̀rí àwọn tó ń jà sí ilẹ̀, láti Ṣàó dé Bódè Sàádú, láti Ọlọ́rú dé Malete. Bí ẹlẹ́rìí bá ti gbé Àlùkùránì tàbí Bíbélì, tó ti búra tán, mo ti mọ gbólóhùn tó máa kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde: ọdẹ ni bàbá ńlá àwọn. Ọdẹ náà ti Ọ̀yọ́-Ilé wá, ó wọ inú igbó, kò bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ó pa ẹran ńlá kan, ó rí omi, ó pàgọ́. Bí olùpẹ̀jọ́ bá ti sọ ọ́ tán, olùjẹ́jọ́ á dìde, òun náà á ní ọdẹ ni bàbá ńlá tòun, òun náà kò sì bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ilẹ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ, ẹ̀bá odò kan náà. Bí mo bá ń kọ ọ́, mo máa ń rò ó lọ́kàn ara mi pé ó yẹ kí àwọn ọdẹ méjèèjì yìí ti gbọ́ ìró ìbọn ara wọn nígbà kan ṣáá.

Ọmọ ibẹ̀ lèmi náà. Ẹ̀yìn Malete ni oko bàbá mi wà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Moro, ní ìhà àríwá ìlú Ilorin. Pápá ni ilẹ̀ wa, kì í ṣe ẹgàn: koríko gíga, igi ẹmì, igi irú, gáà àwọn Fúlàní káàkiri, iṣu, ẹ̀gẹ́, bàbà àti àgbàdo. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, bí wọ́n bá bi ọkùnrin léèrè bí oko rẹ̀ ti tó, iye ebè ló máa dárúkọ. Igba ebè. Ẹgbẹ̀rún ebè. Ní 2009 ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Malete. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dé, ilé tí wọ́n máa gbé ní láti wà, àwọn tó fẹ́ kọ́lé sì dé láti Ilorin àti láti ọ̀nà jíjìn. Láti ìgbà náà, púlọ́ọ̀tì ni à ń kà, a ò ka ebè mọ́. Láti ìgbà náà náà ni gbogbo ilé ti ń wá ìtàn bàbá ńlá wọn kiri, torí ẹni tí kò bá ní ìtàn lẹ́nu kò ní rí owó gbà.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ọdẹ ni gbogbo wọn? Ohun tí mo rí nídìí tábìlì mi ni pé òfin ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ní 1976, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba tó ti ìhà Warri wá, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà ka ọ̀nà márùn-ún sílẹ̀ tí ènìyàn lè gbà fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ló ṣáájú nínú márààrún. Ìwé, lílo ilẹ̀ bí onílẹ̀ ṣe ń lò ó, pípẹ́ lórí ilẹ̀, àti níní ilẹ̀ tó fara kan èyí tí à ń jà sí ló tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá sì gbé ìtàn dé kóòtù, wọ́n á bi í ní ohun mẹ́ta: ta ló kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ náà dó, báwo ló ṣe tẹ̀ ẹ́ dó, àwọn ta ló sì ti ń jẹ ẹ́ léraléra títí ó fi kan ìwọ? Bí orúkọ kan bá já ní àárín, ẹjọ́ lè tipa bẹ́yẹn dànù. Àwọn lọ́yà mọ èyí bí ẹní mọ orúkọ ọmọ wọn. Wọ́n á pe àwọn àgbà ilé jókòó kí ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ tó pé, wọ́n á sì to ìtàn náà kó gún. Ọdẹ dára fún irú ìtàn bẹ́ẹ̀, nítorí òun nìkan ló máa ń dá wọ igbó, kò bẹ ẹnikẹ́ni, kò gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá ní ahunṣọ ni bàbá ńlá yín, tàbí àlejò tó bẹ onílẹ̀ kó tó rí ibi dúró sí, ẹ ti fi ẹnu ara yín sọ pé ẹlòmíràn ló ti wà níbẹ̀.

N ò sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Ọdẹ wà, ọdẹ sì tẹ ìlú dó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ibi tí Malete wà. Ọ̀yọ́-Ilé, tí ahoro rẹ̀ wà nínú igbó ọba tí ìjọba àpapọ̀ ń tọ́jú lónìí ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, wà ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn wa, kò sì jìnnà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n rìn á débẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì. Nígbà tí Clapperton, Òyìnbó ará Scotland nì, dé ìlú náà ní oṣù kìíní ọdún 1826, Aláàfin ṣì wà lórí ìtẹ́ níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agbára ti ń tán. Olú ìlú gbogbo Ọ̀yọ́ nìyẹn, tó ti gba ìṣákọ́lẹ̀ títí dé Dàhòmì. Ṣé ilẹ̀ tó wà ní ìrìn ọjọ́ méjì sí irú ìlú bẹ́ẹ̀ máa jẹ́ aginjù tí ẹnikẹ́ni kò dá oko sí? Ta ló ń gbin iṣu tí ààfin ń jẹ? Èrò tèmi ni pé ẹni tó ní bàbá òun kò bá ẹnikẹ́ni lè máa sọ òótọ́, àmọ́ àwọn tó wà níbẹ̀ ṣáájú ti sá lọ tàbí wọ́n ti kó wọn lẹ́rú ni.

Ìtàn bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ kò pamọ́. Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, kẹ̀yìn sí Aláàfin Aólẹ̀ ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, ó sì di Ilorin mú. Ní nǹkan bí 1817, ó pe Àlímì, àáfà Fúlàní, pé kó wá ran òun lọ́wọ́. Ogun tí Àfọ̀njá fúnra rẹ̀ kó jọ ló padà pa á ní nǹkan bí 1824, Abdulsalami ọmọ Àlímì sì di ẹ́míà àkọ́kọ́. Ní nǹkan bí 1836, Aláàfin Oluewu pe àwọn ọmọ ogun Bàrùbá kí wọ́n jọ gbógun ti Ilorin. Ogun Ẹlẹ́dùwẹ̀ ni àwọn àgbà ń pè é. Ilorin ṣẹ́gun wọn, Aláàfin kú sógun, Ọ̀yọ́-Ilé sì tú. Gbogbo abúlé tó wà láàárín ìlú méjèèjì ló wà lójú ọ̀nà àwọn ọmọ ogun. Malete wà láàárín ìlú méjèèjì.

Ta wá ni àwọn tó padà wá dó lẹ́yìn ogun? Ọdẹ wà nínú wọn. Ahunṣọ wà, alágbẹ̀dẹ wà, àwọn obìnrin tó gbé ọmọ pọ̀n wà, ọmọ ogun tí wọ́n ṣẹ́gun wà, àáfà tó ń wá ibi tó máa tẹ́ ẹní sí wà. Ẹrú náà wà. Ilorin ta ẹrú púpọ̀ nígbà náà, ó sì fi púpọ̀ sílẹ̀ sí oko. Ẹ rántí Ajayi Crowther: ní 1821 ni wọ́n kó òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn arábìnrin rẹ̀ ní Òṣoògùn, nínú rògbòdìyàn tó ti Ilorin wá yìí náà. Wọ́n tà á títí ó fi dé Èkó, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á lójú òkun, ó di ará Freetown, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù. Ọdún 1846 ló tó tún fojú kan ìyá rẹ̀, ní Abẹ́òkúta. Òun rí àyè kọ ìtàn ara rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tí wọn kò tà dé òkun, tí wọ́n fi sílẹ̀ sí oko nítòsí Ilorin pé kí wọ́n máa kọ ebè, kò sí ẹni tó kọ tiwọn. Àwọn ọmọ wọn ti di ọmọ ilé, oríkì ilé ni à ń kì wọ́n, ohun tó dára sì nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹlẹ́rìí kan tí mo kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ rí tó ní ọ̀kan nínú wọn ni bàbá ńlá òun.

Ní ilé tiwa, ìtàn méjì ló wà. Bàbá mi ní agboolé kan ní Ilorin ló fún wa nílẹ̀, agboolé tí a máa ń lọ kí ní ọdún Iléyá tòun ti iṣu àti àgbò. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní rárá o, pé a ti wà níbẹ̀ kí àwọn ará agboolé náà tó dé, pé ọ̀wọ̀ ogun ni à ń bù fún wọn. Àwọn méjèèjì jẹ́ ọmọ bàbá kan náà, orí ẹní kan náà ni wọ́n ti ń kírun. Bí ìjọba Ilorin ṣe rí láyé àtijọ́ ló fa èyí. Ẹ́míà àti àwọn Balógun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Gàmbàrí, Fúlàní, Alánamú àti Ajíkòbí, ìlú ni wọ́n ń gbé. Ohun tó bá ti abúlé wá, aṣojú wọn ló ń gbà á wálé. Ará oko mọ ilé tí òun ń gbé nǹkan lọ fún. Àmọ́ ṣé owó ilẹ̀ ni, ṣé owó ààbò ni, ṣé sákà ni? Ẹni tó ń gbà á ń pè é ní ọ̀kan, ẹni tó ń san án ń pè é ní òmíràn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wa di ẹjọ́, ìtàn ti ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni ẹbí wa gbé lọ sí kóòtù. Kò yà mí lẹ́nu.

Òyìnbó dé, ó tún da ọ̀rọ̀ náà rú sí i. Ọmọ ogun ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company ló ṣẹ́gun Ilorin ní oṣù kejì 1897. Láti 1900, Ilorin wọ abẹ́ ìjọba Àríwá, ìyàtọ̀ wa sí Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Òfin ilẹ̀ tí wọ́n ṣe fún Àríwá ní 1910, tí wọ́n tún ṣe ní 1916, ti sọ pé ìkáwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ wà fún àǹfààní àwọn ọmọ onílẹ̀. Nígbà tí àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn ń pariwo òfin ilẹ̀ tí Obasanjo ṣe ní 1978 pé ìjọba ti gba ilẹ̀ baba wọn, bàbá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi tí a ti wà láti ìgbà bàbá òun ni.

Bàbá mi ní àpótí páànù kan tó kó rìsíìtì owó orí sí, ti bàbá rẹ̀ àti tirẹ̀. Bí a bá ní kó dà wọ́n nù, á bínú. Nínú àwọn ẹjọ́ tí mo kọ, irú rìsíìtì bẹ́ẹ̀ pọ̀, ẹlẹ́rìí á sì nà án sí adájọ́ bí ẹni ń na owó wúrà. Ohun tí rìsíìtì ń sọ kò ju pé ẹni báyìí ń gbé níbí ní ọdún báyìí. Àwọn ìwé ìjọba ìgbà Òyìnbó nípa Ilorin ṣì wà ní ibi àkójọ ìwé ìjọba ní Kaduna, tí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè lọ béèrè. Abu Ikokoro, àáfà Ilorin, náà ti kọ ìtàn àwọn ẹ́míà ní èdè Lárúbáwá ní 1912. Ìwé àwọn ọba ni gbogbo ìyẹn. Kí orúkọ àgbẹ̀ kan tó wọ inú wọn, ó ní láti jẹ́ pé ó jẹ gbèsè owó orí tàbí pé ó jà.

Orúkọ gan-an tún jẹ́ wàhálà. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìran wa sílẹ̀ lẹ́yìn ikú bàbá mi, Abdullahi ló kún ojú ìwé, Salihu, Sulaiman, Abdullahi mìíràn. Ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, ènìyàn lè fi orúkọ abúlé ṣe orúkọ ìdílé, àbúrò rẹ̀ a fi ti agboolé, ẹnìkẹta a fi orúkọ bàbá, ọmọ ìyá kan náà a sì dà bí àlejò síra wọn nínú ìwé. Ohun tó yọ mí ni orúkọ oríkì. Abdullahi Àlàbí yàtọ̀ sí Abdullahi Àkànní. Ta ló sì mọ Àlàbí yàtọ̀ sí Àkànní? Àwọn tó ń kì wọ́n láàárọ̀ ni.

Ìyá bàbá mi ni mo ní lọ́kàn. Ọmọ Ṣàó ni, ìlú tí wọ́n ti ń fa àwọn ìyàwó fọ́kọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo nínú ọdún Àwọ̀n, ọjọ́ náà ló sì gbé òun wá sí ilé wa. Láàárọ̀, bí a bá kúnlẹ̀ kí i, á kì wá. Ọ̀pómúléró ni wá. Ẹni tó bá gbọ́ oríkì Ọ̀pómúléró rí mọ̀ pé aṣọ àti òpó ilé ló kún inú rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babalọlá kó oríkì orílẹ̀ lónírúurú jọ sínú ìwé kan ní 1967, ìwé náà sì wà fún ẹni tó bá fẹ́ kà. Nínú èyí tí ìyá wa ń kì, n ò gbọ́ ìbọn, n ò gbọ́ ẹran ìgbẹ́. Ahunṣọ ni àwọn bàbá ńlá wa, tàbí gbẹ́nàgbẹ́nà. Bí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ṣe jókòó ní kóòtù tó ní ọdẹ ni bàbá ńlá wa, òun náà mọ oríkì yẹn látòkèdélẹ̀. Wọn kò bi í.

Ohun kejì tí ìyá wa mọ̀ ni igi. Ẹnikẹ́ni kì í gbin ẹmì ní ọ̀dọ̀ wa. Ó ń hù fúnra rẹ̀, àgbẹ̀ tó bá ń ṣán oko ló máa ń dá a sí. Igi irú náà bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin ló ń dá oko lábẹ́ rẹ̀, àmọ́ àwọn obìnrin ló ń ṣà á. Bí òjò bá ti múlẹ̀, tí èso ẹmì bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́, wọ́n á ti jí jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, kálukú sídìí igi tó jẹ́ tirẹ̀. Wọ́n á ṣà á, wọ́n á sè é, wọ́n á sá a, wọ́n á pa á, wọ́n á gún un, títí tí á fi di òrí. Ìyá wa mọ igi tó jẹ́ ti ìyáálé, ó mọ èyí tí wọ́n fi fún ìyàwó àbíkẹ́yìn, ó mọ èyí tí àwọn ará ilé kejì kò gbọdọ̀ dé. Ibi tí ẹ̀tọ́ ẹmì tiwa parí sí, ibẹ̀ gan-an ni oko wa parí sí. Àwọn ọkùnrin ń tọ́ka sí ògán àti lápálápá bí ààlà. Ògán a máa wó, ènìyàn lè wú lápálápá lóru kó lọ gbìn ín síwájú. Igi ẹmì tó ti dàgbà kì í rìn.

Òfin tiẹ̀ ka igi sí ju bí a ṣe rò lọ. Lábẹ́ òfin 1978 yẹn, bí ìjọba bá gba ilẹ̀ oko fún iṣẹ́ ìlú, kì í san owó orí ilẹ̀ lásán. Ohun tó wà lórí rẹ̀ ló ń san owó gbà-máà-bínú fún: ilé, irè oko, igi eléso. Nígbà tí wọ́n bá wá ka igi, ta ni wọ́n ń pè? Dáódù ilé. Olórí ẹbí. Àwọn ọkùnrin. Ní gbogbo ọdún tí mo fi kọ ẹ̀rí, àwọn obìnrin tí wọ́n pè láti sọ ibi tí ààlà oko wà kò pọ̀ rárá. Wọ́n á ní obìnrin kì í jẹ ilẹ̀. Èyí kò tilẹ̀ bá ẹ̀sìn tí à ń ṣe mu: Àlùkùránì fún ọmọbìnrin ní ìdajì ohun tó kan ọmọkùnrin, ó fún ìyàwó ọkùnrin tó bá fi ọmọ sílẹ̀ sáyé ní ìdá kan nínú mẹ́jọ. Kò bá àṣà Yorùbá mu pẹ̀lú, nítorí ìdí-igi ni à ń pín, ìyá kọ̀ọ̀kan ni ìdí kọ̀ọ̀kan, ọmọbìnrin wà nínú rẹ̀. Ẹjọ́ ẹbí Dawodu ti Èkó lórí ìdí-igi àti orí-ò-jorí, ìyẹn pípín in ní iye orí àwọn ọmọ, dé Lọ́ńdọ̀nù, ní 1962 ni ìgbìmọ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì sì fi ọwọ́ sí ìdí-igi. Ní oko wa, wọn kò pín in rárá. Wọ́n pè é ní ilẹ̀ ẹbí títí púlọ́ọ̀tì fi dé. Ìgbà tí wọ́n wá pín in, owó ni wọ́n pín, àwọn àbúrò mi obìnrin kò sì bá wọn dé ìdí rẹ̀.

Mo ti kọ ìtàn ẹbí wa sílẹ̀ báyìí. Mo kọ ọdẹ ti ẹ̀gbọ́n bàbá mi sínú rẹ̀. Mo kọ agboolé ti bàbá mi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, n ò yan èyí tó dùn. Mo kọ aṣọ inú oríkì. Mo kọ orúkọ gbogbo ìyá tí mo rí, ìlú tí wọ́n ti wá, àti igi tí wọ́n ń ṣà. Ẹ̀gbọ́n mi kan kà á, ó ní tí ìwé yìí bá bọ́ sọ́wọ́ lọ́yà àwọn ará kejì, ó máa ṣe wá ní jàǹbá. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n adájọ́ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ wo ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn jù. Nínú ẹjọ́ Kojo àti Bonsie tó ti ilẹ̀ Ghana dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1957, wọ́n ti là á sílẹ̀ pé bí ìtàn méjì bá kọlu ara wọn, ohun tí ènìyàn ṣe lórí ilẹ̀ náà láàárín ìgbà tí a lè rántí ni kí wọ́n fi yẹ̀ wọ́n wò. Ẹmì ṣíṣà wà lára ohun tí ènìyàn ń ṣe lórí ilẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní oko ní Malete, ní Ṣàó, ní Ejidongari, níbikíbi tí wọ́n ti ń ge púlọ́ọ̀tì báyìí, kí ẹ tó pe lọ́yà, kí ẹ tó pe ẹni tó máa wọn ilẹ̀, ẹ lọ bá àwọn ìyá yín àgbà jókòó. Ẹ má béèrè ọdẹ lọ́wọ́ wọn. Ẹ ní kí wọ́n kì yín, kí wọ́n sì mú yín lọ sí ìdí àwọn igi náà. Ẹ kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀, ẹ kọ orúkọ tiwọn pẹ̀lú, kí ẹ sì tètè lọ, nítorí ibi tí wọ́n bá ti fẹ́ kọ́lé, ẹmì ni wọ́n kọ́kọ́ ń gé.